Ẹyinjú Tuntun fún Ọmọláńgidi: Kí Ó Dúró, Kí Ó sì Ṣeé Yọ

Láti ìgbà tí a ti kéde pé a ó máa gba ìbéèrè lórí títún ọmọláńgidi ṣe, ọ̀rọ̀ ojú ni ó gba iwájú nínú àwọn lẹ́tà tí ó ń wọlé. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ó bá gbé ọmọláńgidi sọ́wọ́, ojú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò, bí ojú náà bá sì wọ́, kò sí aṣọ tàbí irun tí ó lè bò ó mọ́lẹ̀. Mo ti ṣa lẹ́tà márùn-ún jáde, mo gé èyí tí ó gùn jù kúrú, mo sì dáhùn bí mo ti mọ̀ ọ́n. Ohun kan wà tí ẹ ó máa bá pàdé nínú gbogbo ìdáhùn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ṣáájú: ẹyinjú tí a bá fi sí ọmọláńgidi tí a fẹ́ tọ́jú pamọ́ gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in, ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé yọ láìba ohunkóhun jẹ́. Èyí tí ó bá dúró ṣùgbọ́n tí kò ṣeé yọ mọ́, n kì í kà á sí iṣẹ́ tó dára.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọláńgidi olóríkèé kan tí wọ́n fi résìn (ike líle) ṣe ni mo ní, gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60. Mo ra ẹyinjú onígíláàsì mìlímítà 18 fún un, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi í sójú rẹ̀, àlàfo hàn ní igun ojú méjèèjì, ẹyinjú kan ń wo ògiri, èkejì ń wò mí. Èyí tí mo ti ṣe ṣáájú rẹ̀ tún burú ju èyí lọ: súpà-gúlù ni mo fi lẹ ẹyinjú rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti ṣú funfun bí ẹni pé ìkùukùu bò ó. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀rọ̀ súpà-gúlù kúrò nílẹ̀ ná. Bí gúlù yẹn ti ń gan, oru kan máa ń jáde lára rẹ̀, oru náà yóò bà lé ohun tí ó bá wà nítòsí, yóò sì gan síbẹ̀ bí ìyẹ̀fun funfun. Afẹ́fẹ́ kò rọ́nà gbà púpọ̀ nínú orí ọmọláńgidi, nítorí náà ara ẹyinjú gan-an ni oru náà ń bà lé. Bí ẹyinjú yín bá jẹ́ gíláàsì tòótọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú orí pátápátá, kí ẹ fi òwú tí ẹ tẹ̀ bọ acetone (omi tí a fi ń yọ ọ̀dà èékánná) díẹ̀ nu iwájú rẹ̀ nìkan, ìkùukùu náà yóò sì kúrò. Bí ó bá jẹ́ acrylic, ìyẹn ike tí ó dà bí gíláàsì, ẹ má ṣe dán an wò, nítorí pé acetone ń yọ́ acrylic. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀kán kan rẹ̀ kan ojú ọmọláńgidi náà, nítorí pé ọ̀dà tí wọ́n fi ya ètè àti ojú rẹ̀ yóò wá pẹ̀lú òwú.

Ní ti ìwọ̀n, iye mìlímítà tí wọ́n kọ sára ẹyinjú ni ìbú gbogbo ẹyinjú náà láti etí kan dé etí kejì. Kì í ṣe ìwọ̀n ihò ojú tí ẹ ń rí níwájú, kì í sì í ṣe ìwọ̀n òbìrìkìtì aláwọ̀ tí ó wà láàárín. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò ni pé ẹyinjú tí ó tóbi jù lè fa àlàfo gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó kéré jù. Kòtò ojú tí wọ́n gbẹ́ sínú orí dà bí inú àwo kékeré. Bí ẹyinjú bá tóbi ju àwo náà lọ, etí rẹ̀ yóò kọ́ ògiri kòtò, kò ní lè sún síwájú dé ẹ̀yìn ìpéǹpéjú, àlàfo yóò sì ṣí sílẹ̀ ní igun. Mo fura pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí tiyín nìyẹn. Ẹ dán ẹyinjú mìlímítà 16 wò kí ẹ tó rò pé orí ni kò dára. Bí ìyẹn náà kò bá jókòó dáadáa, ẹyinjú sílíkọ́ọ̀nù máa ń rọ̀ ju gíláàsì lọ, ó sì máa ń tẹ̀ lé ìrísí kòtò náà.

Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò rọrùn. Mo máa ń ṣí ìdérí orí, mo máa ń fi ìka di ẹyinjú mú láti inú láìlo nǹkan mìíràn, n óò wá na orí náà sí iwájú fìtílà kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé láti ẹ̀yìn. Níbi tí ẹyinjú kò bá ti fara kan ìpéǹpéjú, ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín yóò tàn níbẹ̀ bí ẹ̀bá ilẹ̀kùn tí kò tì dáadáa. Bí ẹ bá rí ìlà náà, ẹ má tíì fi nǹkan kan lẹ̀ ẹ́.

Ohun tí a fi ń di ẹyinjú mú nínú orí résìn ni amọ̀ sílíkọ́ọ̀nù rírọ̀, irú èyí tí a lè fi ìka yí bí ìyẹ̀fun tí a pò, tí kì í gan pátápátá. Ẹ má ṣe lo amọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, nítorí pé òróró inú rẹ̀ máa ń wọ résìn lára, àbàwọ́n rẹ̀ kì í sì í lọ mọ́. Ẹ yí amọ̀ náà títí yóò fi di okùn tín-ín-rín, kí ẹ wé e yí etí ẹyinjú ká, ní ẹ̀yìn, kí ó má ṣe hàn níwájú. Ẹ fi ẹyinjú sí ipò rẹ̀ láti inú orí, kí ẹ wá fi orí igi tí kò mú tẹ amọ̀ náà mọ́ ògiri kòtò yíká. Ibi tí ó ti yẹ kí ẹ dúró nìyí, kí ẹ tó fi amọ̀ kún un, nítorí pé ìwò ojú kò tíì tọ́.

Ìwò ojú ni ọkàn iṣẹ́ yìí, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe kánjú rẹ̀. Ẹ gbé orí náà sórí tábìlì tí ó ga tó ojú yín, kí ẹ tan fìtílà kan ṣoṣo, kí ó wà ní ọ̀kánkán imú ọmọláńgidi, kí ẹ sì dúró sẹ́yìn fìtílà náà. Ẹ ó rí àmì ìmọ́lẹ̀ róbótó kan lára ẹyinjú kọ̀ọ̀kan. Bí ojú méjèèjì bá ń wo ibì kan náà, àmì méjèèjì yóò bọ́ sí ibì kan náà lára ọmọlójú wọn. Bí ti ọ̀tún bá wà láàárín, tí ti òsì sì sún sí ẹ̀gbẹ́, a jẹ́ pé ti òsì ni ẹ ó yí, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú orí igi ìtayín tí ẹ fi òwú wé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ìpéǹpéjú òkè: lójú ènìyàn tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó máa ń bo díẹ̀ lára òbìrìkìtì aláwọ̀ náà. Bí funfun ojú bá hàn yí òbìrìkìtì náà ká pátápátá, ọmọláńgidi náà yóò dà bí ẹni tí ẹ̀rù bà. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ dorí àwòrán náà kodò. Àṣìṣe tí ojú yín ti mọ́ lára yóò yọ síta lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá ti rí i pé ó tọ́ ni kí ẹ fi amọ̀ kún ẹ̀yìn rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo kun ọmọláńgidi ìkókó kan fúnra mi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní reborn, orí rẹ̀ jẹ́ fáínẹ́ẹ̀lì (ike rírọ̀). Ojú rẹ̀ dára lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ àbúrò mi gbé e tí ó sì mì í, ẹyinjú kan yọ́ wọ inú orí lọ, ó wá ń dún wọ̀gọ̀wọ̀gọ̀ níbẹ̀. Ṣé gúlù ni kò tó ni?

ÌDÁHÙN: Gúlù kọ́ ni olórí iṣẹ́ níhìn-ín. Orí fáínẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó di ẹyinjú mú, bí ètè ti ń di èso mú. Gúlù wulẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ ni. Bí ẹyinjú bá lè yọ́ sẹ́yìn nítorí pé ọmọdé mì í, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ó kéré sí kòtò rẹ̀. Àwọn ọmọláńgidi ìkókó sábà máa ń gba ẹyinjú láti mìlímítà 18 dé 24, ẹni tí ó ṣe orí náà sì máa ń sọ iye tí ó bá a mu. Mìlímítà méjì péré tó láti bà á jẹ́.

Ẹ tú orí kúrò lára ara, kí ẹ mi ẹyinjú tí ó sọnù náà jáde láti ibi ọrùn. Ẹ fi ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun mú àyíká ojú gbóná láti ìta àti láti inú. Ẹ má ṣe gbé e dúró sójú kan, ẹ máa gbé e lọ gbé e bọ̀, kí ọ̀dà tí ẹ kùn má bàa jóná. Ó tó nígbà tí fáínẹ́ẹ̀lì náà bá rọ̀ bí etí ènìyàn. Ẹ wá mú ẹyinjú gba ọrùn wọlé, kí ẹ fi igun kan rẹ̀ kọ́ abẹ́ etí kòtò ná, kí ẹ fi àtàǹpàkò ti ìyókù wọlé. Bí ó bá ti bọ́ sí àyè, ẹ ó gbọ́ ọ lábẹ́ ìka: fáínẹ́ẹ̀lì náà yóò padà dé, yóò sì fún ẹyinjú mú. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ ní láti tún ìwò rẹ̀ ṣe kí ó tó tutù. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ti ẹyinjú wọlé láti iwájú, ó sì ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú tí ẹ fi ọ̀pọ̀ wákàtí kùn ni yóò fara gbá a.

Nígbà tí orí bá ti tutù pátápátá, ẹ fi gúlù tí ó ki, tí ó sì máa ń rọ̀ bí rọ́bà lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, yí etí ẹ̀yìn ẹyinjú ká. Ẹ da ojú ọmọláńgidi náà dé orí aṣọ ìnura, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹyinjú má bàa fà sẹ́yìn kí gúlù tó mú. Gúlù rírọ̀ ni mo yàn nítorí pé ẹ lè fi èékánná ká a kúrò lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yí àwọ̀ ojú padà. Gúlù gbígbóná tí ó ń ti ẹnu ìbọn jáde ti ba ẹyinjú acrylic méjì jẹ́ lọ́wọ́ mi. Ooru rẹ̀ mú kí ẹ̀yìn wọn sán wẹ́wẹ́, mo sì rí i láti iwájú. Ní ìkẹyìn, ẹ fi òwú kún inú orí, kí ó kan ẹ̀yìn ẹyinjú jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kì í mọ́ ọn, nítorí pé òwú tí a kì jù lè ti ojú náà síta.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá ìyá mi fi ọmọláńgidi kan sílẹ̀ fún wa, orí rẹ̀ jẹ́ amọ̀ sísun láti Jámánì, ojú rẹ̀ sì máa ń pa dé bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ní báyìí ojú náà ti já, ó wà nínú orí, ẹfun gbígbẹ sì ń jábọ́ láti inú rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n da ojú àtijọ́ náà nù, kí n ra tuntun, kí n fi POP (ẹfun tí a ń fi omi pò) dí i pa. Ṣé kí n gbà?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe da nǹkan kan nù. Ojú tí ó wà nínú orí yẹn lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ tí a kò lè rí irú rẹ̀ mọ́. Lauscha, ìlú kékeré kan ní agbègbè Thuringia ní Jámánì, níbi tí wọ́n ti dá iléeṣẹ́ gíláàsì sílẹ̀ ní ọdún 1597, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyinjú ọmọláńgidi ayé àtijọ́ ti wá, àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ sì ń fi ẹnu fẹ́ ẹ lórí iná ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú àpótí kékeré tí ẹ tẹ́ òwú sí, títí kan ẹfun tí ó jábọ́, nítorí pé ìrísí ẹfun náà ń fi ibi tí ojú ti ń yí hàn.

Kí ẹ mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ yóò ràn yín lọ́wọ́. Wáyà kan so ẹyinjú méjèèjì pọ̀, òjé sì so mọ́ ìsàlẹ̀ wáyà náà. Bí ẹ bá tẹ́ ọmọláńgidi sílẹ̀, òjé yóò fì sẹ́yìn, ẹyinjú yóò sì yí. Ẹfun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó di wáyà mú, gẹ́gẹ́ bí ìdè ilẹ̀kùn. Wọ́n sábà máa ń fi ègé igi rírọ̀ kan sí ìsàlẹ̀ inú orí kí òjé má bàa máa gbá amọ̀. Bí ègé náà bá ti jábọ́, ẹ má ṣe gbé ọmọláńgidi náà dìde tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ mọ́, nítorí pé òjé náà lè fọ́ orí láti inú. Ìda tí wọ́n pò mọ́ àwọ̀ ara ni wọ́n fi bo apá òkè ẹyinjú láti fi ṣe ìpéǹpéjú, nítorí náà ẹ má ṣe fi ooru sún mọ́ ọn. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan òjé, kí ẹ má sì ṣe fá ìyẹ̀fun funfun ara rẹ̀ tàbí kí ẹ fẹ́ ẹ.

Kí omi tó kan orí náà, ẹ wo etí ihò tí ó wà lókè rẹ̀, lábẹ́ irun. Bí ó bá le tí ó sì dà bí etí àwo tánganran tí kò dán, amọ̀ sísun ni, aṣọ tí a fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ rin díẹ̀ lè mú ẹfun àtijọ́ rọ̀ kúrò. Bí ó bá dà bí igi lílọ̀ tí a pò mọ́ gúlù, omi kò gbọ́dọ̀ kàn án rárá, nítorí pé yóò wú, yóò sì bó.

Ní ti POP, kì í ṣe ọ̀tá. Òun náà ni àwọn oníṣẹ́ àtijọ́ lò. Ọ̀nà tí ẹni náà sọ pé kí ẹ fi lò ó ni mo kọ̀. Bí POP bá ń gan, ó máa ń gbóná, ó sì máa ń wú díẹ̀. Bí ẹ bá fi dí inú orí pa, tí ìlà sísán kan sì ti wà lára amọ̀ láti ìgbà pípẹ́, orí náà lè là. Bí ẹ kò bá ní oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ ọmọláńgidi àtijọ́ ní tòsí, ẹ jẹ́ kí ojú náà wà nínú àpótí rẹ̀ títí ẹ ó fi rí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ó ní ojú ní báyìí, ẹ ra ẹyinjú gíláàsì mìíràn tí kì í yí, kí ẹ fi ìda rírọ̀ nìkan mú un dúró láti inú. Ìda kò le tó ẹfun, ṣùgbọ́n ọmọláńgidi tí ó jókòó sínú kọ́bọ́ọ̀dù kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ìyá àgbà yóò sì ní àyè láti padà.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni mo ṣe lè yí àwọ̀ ojú ọmọláńgidi Blythe mi padà láìtú orí rẹ̀? Ẹ̀rù ń bà mí láti fi ọ̀bẹ yọ ọ́.

ÌDÁHÙN: Ó dára tí ẹ̀rù bà yín, ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án. Láti Blythe àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ Kenner ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1972 ni okùn ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti ń yí ojú sí àwọ̀ mẹ́rin, àwọn èyí tí Takara ní Japan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 2001 sì ń ṣe bákan náà. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ pẹlẹbẹ róbótó kan tí ó wọ inú ẹyinjú, ìyẹn ni ẹ ó yọ. Ẹ fa okùn dé àwọ̀ tí ẹ fẹ́ pààrọ̀. Ẹ mú igi gúlù gbígbóná tí kò sí nínú ìbọn, kí ẹ fi iná mú orí rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín pẹlẹbẹ náà, kí ẹ dúró títí yóò fi tutù pátápátá, kí ẹ wá fà á síta gbọọrọ, láìlọ́ ọ. Bí kò bá wá nígbà àkọ́kọ́, ẹ tún un ṣe; àwọn mìíràn máa ń gba ìgbà mẹ́ta. Ẹ fi ẹ̀kán amọ̀ sílíkọ́ọ̀nù tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ sí ẹ̀yìn pẹlẹbẹ tuntun, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Bí amọ̀ náà bá pọ̀ jù, pẹlẹbẹ yóò yọ síta ju ẹyinjú lọ, yóò sì máa ha ìpéǹpéjú nígbà tí ojú bá ń yí.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti pààrọ̀ ojú ọmọláńgidi kan fún ọmọ ọmọ mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjì. Gúlù mi mú un dáadáa. Ṣé mo lè gbé e fún un? Kí sì ni kí n ṣe sí ojú tí mo yọ kúrò?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfẹ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé e fún un. Ohun tí gúlù mú lójú àgbàlagbà, eyín ọmọ ọdún méjì lè tú u, ẹyinjú kan ṣoṣo sì tó láti dí i lọ́fun. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ojú tí a fi òwú àti abẹ́rẹ́ gán sára ọmọláńgidi tí a fi aṣọ rán ni mo fọwọ́ sí, kò sí ohun tí yóò já níbẹ̀. Ẹ gbé èyí tí ẹ ṣe sókè títí yóò fi dàgbà.

Ní ti ojú tí ẹ yọ, ẹ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ nínú aṣọ rírọ̀ kí wọ́n má bàa ha ara wọn. Ẹ kọ ìwọ̀n mìlímítà rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́, irú ohun tí ẹ fi lẹ tuntun, àti èyí tí ó jẹ́ ti ọ̀tún àti ti òsì sórí bébà kékeré kan, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, kí ẹ sì so àpò náà mọ́ inú aṣọ ọmọláńgidi, níbi tí ẹni tí yóò tún un ṣe lẹ́yìn yín yóò ti rí i.